Ẹ Má Yọ MySQL Yín, Òun Kọ́ Ló Jẹ Mẹ́mórì Tán

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi náà ni mo ṣe sáìtì tí àwọn òbí fi ń wo èsì ìdánwò. Sáfà kékeré la yá, gìgábáìtì kan péré ni RAM rẹ̀, ìyẹn mẹ́mórì rẹ̀. Ubuntu 18.04, irú Linux kan, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Apache tó ń gbé ojú ewé sáìtì fún àwọn òbí, PHP tí mo fi kọ ọ́, àti MySQL 5.7 tó ń tọ́jú dátábéèsì èsì. Láàárín táàmù, kò sí wàhálà. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá ti kéde fún àwọn òbí lórí WhatsApp pé èsì ti jáde, kì í tó ogún ìṣẹ́jú tí MySQL á fi kú. Bí mo bá ní kó dìde, á kọ̀. Ohun tó ń kọ sínú log rẹ̀, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, nìyí:

InnoDB: mmap(137428992 bytes) failed, errno 12
InnoDB: Cannot allocate memory for the buffer pool

Bí mo bá pa sáfà tí mo tún tàn án, á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, á tún kú. Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí ní MySQL náà ló ti bàjẹ́, pé kí n yọ ọ́ pátápátá, kí n gbé òmíràn sí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Táàmù ti ń parí lọ, ẹ̀rù sì ti ń bà mí.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ọkàn mi tó balẹ̀ láti sọ ìyókù.

Lọ́dún 2019, mo ń bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tọ́jú sáfà wọn. Ohun tó ṣe tiyín yìí gan-an ló ṣe tiwọn. Mo tẹ apt purge, àṣẹ tó ń yọ ètò kúrò pátápátá. Àpótí kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè bóyá kó pa gbogbo dátábéèsì rẹ́ pẹ̀lú. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, oorun ti ń kùn mí, mo tẹ Yes. Ẹ̀dà tí mo ní nílé ti pé ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti akápò wọn jókòó sórí ẹní, páálí rìsíìtì wà láàárín wa, à ń ka owó àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ̀rún méjì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún kan. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. Àwọn rìsíìtì kan ti ṣá débi pé a gbé wọn síta sínú oòrùn kí a tó rí orúkọ ara wọn kà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sóhun tó ṣe MySQL tí mo yọ dànù yẹn.

Kò sóhun tó ṣe tiyín náà. Ohun kan ṣoṣo ni errno 12 ń wí: mo bèèrè mẹ́mórì, wọn ò fún mi. 137428992 báìtì yẹn jẹ́ bíi mẹ́gábáìtì 131. Bí ẹ kò bá yí i padà, buffer pool MySQL 5.7 jẹ́ mẹ́gábáìtì 128. Ibẹ̀ ló ń kó dátà tó ń lò lọ́wọ́ sí. Bó bá sì ti ń dìde ló ń bèèrè rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹ̀ní díẹ̀. Nígbà tó fi kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú log, kò tíì ṣí fáìlì tí èsì àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ rárá. Ẹ fi ìyẹn tu ara yín nínú.

Ta ló wá jẹ mẹ́mórì tán? Ẹ tẹ èyí:

sudo dmesg -T | grep -i "out of memory"

Mo lérò pé ohun tí ẹ máa rí á jọ èyí: Out of memory: Kill process 1187 (mysqld) score 174 or sacrifice child. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ka "fi ọmọ rúbọ" yẹn, àyà mi já. Ọmọ tí Linux ń wí ni ètò tí ètò mìíràn bí. Bí mẹ́mórì bá tán pátápátá, kernel, ìyẹn ọ̀gá tó ń pín mẹ́mórì fún gbogbo wọn, á wá ẹnì kan pa kí àwọn tó kù lè mí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn sórí ìwọ̀n. MySQL, tó jẹ́ ẹnì kan, wọn nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 180. Apache tiyín wà ní ogún, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé fóònù òbí kọ̀ọ̀kan tó bá kan ìlẹ̀kùn ló ń gba Apache kan tó gbé PHP pọ̀n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ bíi 40. Ogún lọ́nà 40, 800 nìyẹn. Ṣùgbọ́n kernel kò kó wọn jọ wọ̀n, ẹni tó sanra jù lójú rẹ̀ náà ni MySQL. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń ru igbá rẹ̀ délé. Nínú sáfà tiyín, ẹlòmíràn ló jẹun, MySQL ni wọ́n di igbá rù.

Kí MySQL tó gbéra padà, Apache ti jókòó sórí àyè tó fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dìde. Ìdí kan náà nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá pa sáfà tí ẹ tún tàn án: gbogbo Apache ló lọ, mẹ́mórì ṣófo, títí àwọn òbí á fi tún dé.

Nítorí náà, bó bá tún ṣẹlẹ̀, Apache ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró:

sudo systemctl stop apache2
sudo systemctl reset-failed mysql
sudo systemctl start mysql
sudo mysqldump --all-databases > esi.sql

Ìlà kejì yẹn wà níbẹ̀ nítorí pé bí MySQL bá ti gbìyànjú láti dìde léraléra, systemd, ìyẹn ètò tó ń tan àwọn ètò yòókù tó sì ń dá wọn dúró, lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kó má gbà fún un mọ́. Ìlà kẹrin ni ẹ̀dà yín. Ẹ gbé e kúrò lórí sáfà, sí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ àti sórí flash, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó wá lọ sídìí ọ̀ràn náà. Ẹ ṣí /etc/apache2/mods-available/mpm_prefork.conf. Ẹ máa rí MaxRequestWorkers, nọ́ńbà tí Ubuntu fi síbẹ̀ sì ni 150. Ẹ wò ó: Apache 150, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 40, mẹ́gábáìtì 6000 ni, nínú ilé tí kò ju 1000 lọ! Ẹ má gba 40 tèmi gbọ́ o, ẹ wọn tiyín ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò bá pọ̀:

ps -ylC apache2 --sort=rss

Òpó RSS ni kí ẹ wò, kìlóbáìtì ló fi ń kà, ó sì máa ń ga díẹ̀ ju òótọ́ lọ nítorí pé wọ́n jọ ń lo àwọn nǹkan kan. Ẹ yọ 200 fún Ubuntu, ẹ yọ 200 fún MySQL, ẹ fi ìwọ̀n Apache kan pín èyí tó kù. Bó bá jẹ́ 40 lóòótọ́, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa jáde. Ẹ kọ 12 síbẹ̀ kí àyè lè wà, kí ẹ sì tan Apache padà. Òbí kẹtàlá kò ní pàdánù èsì ọmọ rẹ̀. Orí ìlà ló máa dúró sí, ẹni tó wà níwájú a sì ṣe tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó sàn kí ó dúró ju kó bá ilẹ̀kùn títì lọ.

Lẹ́yìn náà ni swap, ìyẹn apá kan dísíìkì tí kernel lè kó ẹrù tí a kò lò lọ́wọ́ lọ:

sudo fallocate -l 1G /swapfile
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile

Ẹ fi ìlà "/swapfile none swap sw 0 0" kún /etc/fstab, kó má baà pòórá bí sáfà bá tún tan. Bí swapon bá ní Operation not permitted, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú sáfà tí ẹ yá ni kò gbà á. Ẹ fi í sílẹ̀. Swap ò yára bíi RAM, ẹ má fi í ṣe àwáwí láti dá 150 yẹn padà.

Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé kí ẹ dín buffer pool kù sí 64 tàbí 32. Ó máa jẹ́ kí MySQL tètè dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa lẹ tún ń bù kù. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun kan kù. Ọdún 2023 ni àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí Ubuntu 18.04 ń rí gbà parí, ọdún yẹn náà sì ni MySQL 5.7 parí. Ìsinmi gígùn ni kí ẹ fi kó lọ sí tuntun. MySQL 8.0 ń jẹ mẹ́mórì ju 5.7 lọ, nítorí náà ẹ bá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n sanwó RAM gìgábáìtì méjì, kí ẹ sì tún ìṣirò òkè yìí ṣe.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, free -m lórí sáfà mi ní total 1982, used 512, free 71, buff/cache 1399, available 1290. Ó jọ pé RAM ti tán. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní cron, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí àkókò bá tó, tó ń fọ cache dànù ní wákàtí wákàtí. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Rárá, àbúrò mi, RAM rẹ kò tán. Fáìlì tí sáfà ti kà ló fi sínú 1399 yẹn, kó má baà padà lọ kà á lórí dísíìkì. Bí ètò kankan bá bèèrè mẹ́mórì, kernel á kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Available ni kí o máa wò, má wo free. 1290 wà nílẹ̀ fún ẹ. Cron yẹn ló ń mú kí sáfà rẹ padà sórí dísíìkì ní gbogbo wákàtí, á sì máa falẹ̀. Yọ ọ́ kúrò lónìí. Wo available ní àkókò tí àwọn oníbàárà rẹ bá pọ̀ jù, fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá wálẹ̀ ju 200 lọ, kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wá ẹni tó ń jẹ ẹ́.