Bó bá ṣe bí ará Ìbàdàn fún ogún ọdún, ta ló wá kù nínú ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan lórí ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Ọ̀ṣúntúyì lorúkọ tí bàbá ẹni tí ìtàn náà dá lé sọ ọ́, ọmọ abúlé kan nílẹ̀ Èkìtì níbí ni. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kó o lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n mú un lọ sí agbo ilé ológun kan, wọ́n kọ ilà tiwọn sójú ẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Bíọbákú. Nígbà tó dàgbà wọ́n ní kó tẹ̀lé ajẹ́lẹ̀, ẹni tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú tó wà lábẹ́ wọn, wá sí ìlú kan ní Èkìtì, ó wá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa rárá. Lọ́sàn-án á gba iṣu, á gba ewúrẹ́, á na èèyàn. Lálẹ́ á ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń gbìmọ̀ láti dìde sí Ìbàdàn. Nígbà tí Fábùnmi wá pa ajẹ́lẹ̀ l'Ókèmẹ̀sí lọ́dún 1878, tí wọ́n ń pa àwọn ajẹ́lẹ̀ yòókù káàkiri, kò sẹ́ni tó gbà pé ọmọ wọn ni. Tíṣà mi kan tó kà á ní kò jẹ̀bi nǹkan kan, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn àgbà ìlú mọ òótọ́ ní orí tó kẹ́yìn kí wọ́n fi ìlù àti ijó gbà á wọlé. Mo gbìyànjú ẹ̀, ọwọ́ mi ò gbé e. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi? Ta sì ni ín nígbẹ̀yìn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ gan-an. Mo ka orí mẹ́rin tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, iná ò sí, fóònù mi fẹ́ẹ̀ kú, síbẹ̀ mi ò lè gbé e sílẹ̀. Tíṣà ẹ yẹn, mi ò mọ̀ wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ìmọ̀ràn wọn ọ̀hún, má gbà á jàre.

Ìyá tó ń ta epo ní orí kẹta, èyí tí wọ́n gba ewúrẹ́ ẹ̀ tó ń sunkún tẹ̀ lé Bíọbákú títí dé ẹnu ọ̀nà, òun ni kó o máa wò tó o bá ń bi mí bóyá ọkùnrin yẹn jẹ̀bi. Ọkùnrin náà lè máa díbọ́n, ewúrẹ́ yẹn ò díbọ́n o, wọ́n pa á, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ẹgba tó bọ́ sẹ́yìn ọmọ ìyá náà ńkọ́, ṣé kò ta ọmọ yẹn lára torí pé èrò tó dáa wà nínú ẹni tó nà án? Ìyá olépo ò rí inú ẹnikẹ́ni, ilà ojú àti pàṣán ló rí. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí Bíọbákú ń rán lóru gba ogún èèyàn là, mo gbà, kó kà á fún ara ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi owó ẹni yìí san gbèsè ẹni yẹn.

Mo tún ní ẹjọ́ kan bá ẹ rò. Gbogbo alẹ́ ni Bíọbákú ń sunkún nínú ìwé ẹ, orí kìíní ó sunkún, orí kejì ó sunkún, n ò gbà á gbọ́. Ọmọ tí wọ́n so lókùn bí ẹran kúrò nílé bàbá ẹ̀, òun náà ló wá jókòó lórí àpótí báyìí tí bàbá arúgbó kan tó funfun lórí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, tó ń pè é ní olówó orí òun. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé kò dùn mọ́ ọn? Kó dùn mọ́ ọn! Kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó má tètè sọ pé kí bàbá náà dìde. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi ẹ̀ wà, torí kò sẹ́ni tó rán an pé kó gbádùn ẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ò pàṣẹ ẹ̀rín yẹn, iṣẹ́ amí tó ń ṣe ò sì nílò ẹ̀. Ìgbà tó bá délé tó rántí ẹ̀rín ọ̀hún ni kó wá sunkún, tó bá sunkún lẹ́ẹ̀kan péré tó.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi díẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìbàdàn tí mo lọ kàwé, mo sọ "ulé" dípò "ilé" lójú àwọn ọmọ kíláàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ń lu tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi, tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ màá kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ná. Mo wá lọ sí Ìkọ̀lé fún Kérésì, mò ń kí èèyàn níta, màmá mi àgbà wà nínú yàrá, wọ́n gbọ́ ohùn mi wọ́n ní àlejò wo nìyẹn. Mo sáré wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Èkìtì kí wọn, àfi bíi pé mò ń sín wọn jẹ. Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún ló wá dà bí èyí tí mò ń díbọ́n ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mú mi lẹ́rú o, kò sẹ́ni tó fi abẹ kan mi lójú, ẹ̀rín lásán ni, kò sì tíì tó ọdún kan. Wá fi ogún ọdún sí i.

O lè ní kí ló dé tí Ògèdèǹgbé, jagunjagun Iléṣà, fi rí ọ̀nà padà. Òun náà ti gbé láàrin àwọn ológun Ìbàdàn rí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ogun tó mọ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó pawọ́ pọ̀ dìde sí Ìbàdàn. Ojú gbogbo ayé ló ṣe tiẹ̀ ni. Ó dúró, ó kọjú ìbọn sí Ìbàdàn, kálukú rí ibi tó wà. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó náà, ìbọn ìgbàlódé ni wọ́n fi ránṣẹ́, ohun tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Ọ̀sán ni Bíọbákú ń ṣe burúkú, òru ló ń ṣe rere. Ta ni yóò wá jẹ́rìí òru?

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé ẹ nìyí: o pa ogun náà dé ní 1886 tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Lóòótọ́, September 23 ọdún náà ni, àmọ́ àwọn ọmọ ogun ò kúrò ní bùdó títí di 1893! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méje tí ogun ti parí lórí ìwé tí wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀, àwọn kan ní Igbájọ, àwọn kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wo ara wọn. O fò ó. Ibẹ̀ ni kó o fi Bíọbákú sí, bùdó Ìbàdàn ni kó sá lọ lẹ́yìn tí àwọn tiẹ̀ lé e, kò ní amí kankan tó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sẹ́ni tó ń tàn jẹ, síbẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́ á ṣì jí bí ará Ìbàdàn. Ìgbà yẹn ló máa wá wá ẹni tó ń díbọ́n ọ̀hún nínú ara ẹ̀ tí kò ní rí i.

Àrokò orí kejì, ẹyọ owó mẹ́fà tó dì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ẹ̀fà, pé ọkàn òun fà sí i, ó dáa gan-an, o kàn gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni. Jẹ́ kí èsì dé ní bùdó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kó jẹ́ mẹ́jọ. Ẹni tó bá mọ àrokò mọ̀ pé ẹ̀jọ ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ, bó ṣe rí lára ẹ ló rí lára mi. Ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ilà yẹn lójú, kí la fẹ́ ní ó jọ? Ó jọ ta ni? Kó tún owó náà kà, bóyá ó ṣì í kà.

Torí náà, ó jẹ̀bi. Mi ò ní kó o pa á o, àánú ẹ̀ ṣe mí. Ní 1893 tí bùdó bá tú, jẹ́ kó gba ọ̀nà Èkìtì, kí ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti oko bi í léèrè ohun tí wọ́n ń bi gbogbo àjèjì níbí, pé ọmọ ta ni ọ́, níbo lò ń lọ. Kó ya ẹnu. Bóyá "ulé" ló máa sọ àbí "ilé", má kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ṣé èèyàn lè fi èdè Èkìtì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìwé ìtàn? Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa, ẹ kàn mọ Èkìtì tó jẹ́. Ti Ìkẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ti Ìkọ̀lé, ti Mọ̀bà tún yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀ sẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, àwa tá a bá kà á máa mọ̀, a ó sì pariwo.