Ta Ló Ní Owé Kò Ní Gírámà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kàbà ni à ń gbé. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, kọ "Yesterday I go to farm" sínú ìwé rẹ̀. Tíṣà lẹ́sìnnì ní Owé, ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí à ń sọ nílé, ló fà á, pé ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà, kò ní gírámà, kí a má sọ ọ́ sí ọmọ mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni, màmá. Irú ìbéèrè yìí ti wá láti Ìsánlú, ó ti wá láti Ìyàrá, ó sì ti ń sú mi.

Lóòótọ́, "lọ" ni lọ, ì báà jẹ́ àná, ì báà jẹ́ ọ̀la. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni qù, lọ ti àwọn ará Ṣáínà. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń sọ "I cut it yesterday" láìfi nǹkan kan kún cut.

Iṣẹ́ tí àfòmọ́ ìparí, ìyẹn bíi -ed, ń ṣe fún Òyìnbó, wúnrẹ̀n mìíràn, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré, ló ń ṣe é fún wa: mò ń lọ, mo ti lọ, màá lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò tilẹ̀ sí wúnrẹ̀n. "Adé ra iṣu": ó ti rà á. "Adé fẹ́ iṣu": ìsinsìnyí ló ń fẹ́ ẹ. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe ló pààlà sí wọn, ọmọ yín sì ti mọ̀ ọ́n kó tó wọ ilé ìwé. Ta ló kọ́ ọ? Ẹ tún wo rà: rà ni bó bá dá wà, àmọ́ "ra iṣu" ni a ń pè é bí iṣu bá tẹ̀ lé e. Mo, mi, n, èmi: ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà rárá, etí rẹ̀ ló di. (Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi ṣàpẹẹrẹ o, Owé ní tirẹ̀.)

Ní ti went, àwọn ọmọ Òyìnbó tí kò gbọ́ èdè mìíràn pàápàá máa ń sọ "goed". Gbólóhùn ni kí ẹ fi kọ́ ọmọ yín, kì í ṣe àkọ́sórí.

Mi ò rí ọmọ náà o. Bó bá jẹ́ pé Owé gan-an ń nira fún un láti gbọ́ tàbí láti sọ, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa sọ Owé yín lọ, kí ẹ sì fi owó lẹ́sìnnì yẹn ra ìwé ìtàn fún un.