Ẹ má fi títù ṣe poke, ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe poke, oúnjẹ ẹja àwọn ará Hawaii, nílé. Ẹ ní títù wà nínú fìrísà, ṣé kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú soy sauce, kí ẹ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìdí káńtà ẹja ni mo ti jẹun ní Honolulu, olú ìlú Hawaii, kí n tó kúrò níbẹ̀, ọwọ́ nínú yìnyín títí ìka á fi kú, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹja ni gbogbo ẹ̀. Ní Honolulu, wọ́n ń ta ẹja ní gbàǹjo ní èbúté tí wọ́n ń pè ní Pier 38 láàárọ̀ kùtù. Orí yìnyín ni wọ́n máa ń tẹ́ àwọn túnà ńláńlá sí. Wọ́n á gé ibi ìrù rẹ̀ díẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á wò ó bóyá ẹran ibẹ̀ pọ́n, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wo ọ̀rá rẹ̀ kó tó dá owó. Láti inú ọkọ̀ títí dé orí káńtà wa, ẹja yẹn kì í kúrò nínú òtútù. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé jẹ láìsè.

Títù tiyín ńkọ́? Òkè òkun ló ti wá, iná ọba ti lọ, ó ti dé, ẹja ti yọ́, ó tún ti dì, ta ló mọ iye ìgbà? Aràn máa ń wà nínú títù. Ìlànà Amẹ́ríkà ni pé kí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti wà nínú òtútù -20°C fún ọjọ́ 7 kí a tó jẹ ẹ́ láìsè; nǹkan bíi -18°C sì ni fìrísà ilé sábà máa ń dé. Túnà ńlá wà lára àwọn ẹja tí wọ́n yọ kúrò nínú òfin yìí, ṣùgbọ́n títù kò sí níbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju aràn lọ ni histamine, nǹkan olóró kan. Bí títù tàbí túnà bá pẹ́ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é sínú ẹran ẹja náà. Ẹ sè é o, ẹ dín in o, kò ní kúrò. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ túnà tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì. Ó ní ó kọ́kọ́ ta òun lẹ́nu bí ẹni pé ata wà nínú ẹ̀, nígbà tó yá ojú àti ọrùn rẹ̀ pọ́n, orí ń fọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo poke ni wọn kì í sè. Octopus, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí wọ́n ń tà ní Hawaii, sísè ni. Edé náà dára gan-an, òun ni mo bá yín mú. Ẹ bó o, ẹ sè é nínú omi oníyọ̀, bó bá ti ká tó sì pọ́n, ẹ sọ ọ́ sínú omi yìnyín kíá. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ dáadáa. Bí omi bá kù lára rẹ̀, ohun tí ẹ bá dà sí i kò ní dì mọ́ ọn.

Fún ìdajì kílò: soy sauce ṣíbí ìjẹun méjì, òróró yànmọ̀tí ṣíbí kékeré méjì, àlùbọ́sà tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àlùbọ́sà eléwé, ata gígún díẹ̀, atalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an ni kí ẹ tó pò ó. Tó bá sùn mọ́jú nínú soy sauce, iyọ̀ á fa omi ara rẹ̀ jáde, á wá le gbandi.

Láyé àtijọ́, iyọ̀ òkun, ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní limu, àti èso kukui tí wọ́n yan tí wọ́n sì gún ni wọ́n ń lò. Àwọn ará Japan tó wá ṣiṣẹ́ lóko ìrèké ló mú soy sauce dé. Kukui jẹ́ ìbátan asálà wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù, ilé ìyàgbẹ́ ni yóò sùn. Ẹ yan kajú, ẹ gún un pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ó tó. Máńgò àti àgbàdo tí ẹ ń rí nínú fídíò, èmi kì í fi sí i.

Ìrẹsì kúkurú tó máa ń lẹ̀ ni kí ẹ wá. Ọ̀fadà? Rárá, òórùn rẹ̀ á borí edé. Kí ìrẹsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kó má gbóná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ lè rí túnà gidi: "sushi grade" tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kò sí òfin Amẹ́ríkà kankan tó sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìgbà tó dé àti bóyá wọ́n ti fi gáàsì pa á láró, torí gáàsì máa ń jẹ́ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kódà bó bá ti ń bàjẹ́. Bó bá dì nínú ọ̀rá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ tú ọ̀rá náà kí ẹ tó jẹ́ kó yọ́ nínú fìríìjì. Ẹ yọ iṣan funfun inú rẹ̀, kí ẹ sì dábùú ìlà ẹran náà gé e. Aláboyún àti ọmọdé, ti edé sísè ni kí ẹ bù fún wọn.