Wọ́n kọ̀ mí fún PhD: kí ni kí n tún ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní másítà nínú kẹ́místrì, CGPA mi jẹ́ 4.3 nínú 5. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ̀wé sí yunifásítì márùn-ún l'Amẹ́ríkà fún PhD, kò sí èyí tó gbà mí. Ṣé máàkì mi ni kò tó ni? Ṣé kí n lọ ṣe GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe másítà tàbí PhD? Mo fẹ́ tún un gbìyànjú lọ́dún yìí. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Kò jọ pé máàkì ló dí yín lọ́wọ́. Ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì l'Amẹ́ríkà, yunifásítì ló sábà máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ PhD. Iye tówó bá ká ni wọ́n ń gbà, àwọn tó kúnjú ìwọ̀n sì máa ń pọ̀ ju àyè lọ. Bí ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí i pé máàkì dára, ohun tó kù tí wọ́n ń wá ni pé: ṣé ẹni yìí mọ ìwádìí ṣe, ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sì wà lọ́dọ̀ wa?

Ẹ gbé statement of purpose tí ẹ kọ lọ́jọ́sí jáde, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ṣàlàyé iṣẹ́ yín àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe PhD, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí ẹlòmíràn náà lè kọ. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kẹ́místrì": ẹ fa ìlà sí i. Ẹ wá wo èyí: "Mo fi èédú tí mo ṣe láti ara èèpo ẹ̀gẹ́ yọ òjé kúrò nínú omi. Nígbà tí pH omi náà wálẹ̀ ju 4 lọ, agbára rẹ̀ dín kù, torí pé ásíìdì ń bá òjé du àyè lára èédú. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè tún ojú èédú náà ṣe." Ẹni tó ka èyí ti mọ ohun tí ẹ ṣe, ibi tó ti há, àti ohun tó kàn. Kí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gba ìdajì ojú ìwé, ó kéré tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì sọ ibi tí iṣẹ́ wọn àìpẹ́ yìí ti kan tiyín. Ẹ rí i dájú pé wọn ò tíì fẹ̀yìn tì, pé wọ́n ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ló dára láti fi íméèlì kúkúrú béèrè lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ló tún ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. "Akínkanjú ni, ìwà rẹ̀ sì dára" kò sọ nǹkan kan fún ìgbìmọ̀. Nínú ẹni mẹ́ta tí yóò kọ ọ́, kí méjì jẹ́ ẹni tó rí yín lẹ́nu iṣẹ́ nínú láàbù. Ẹ fún wọn ní ojú ìwé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú: àkọlé iṣẹ́ yín, irinṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín lò, àbájáde rẹ̀, àti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò kásẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi íméèlì yunifásítì ránṣẹ́, kì í ṣe Gmail.

Ní ti GRE, ẹ ka ojú ewé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ná. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́místrì ò béèrè rẹ̀ mọ́, àwọn míì ò tilẹ̀ ní wò ó. Ẹ má náwó sí i kí ẹ tó mọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sanwó fún jọ́nà tó ń tẹ iṣẹ́ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ìgbìmọ̀ mọ̀ wọ́n. Bí iṣẹ́ másítà yín bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, tí alábòójútó yín sì fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ bí àpilẹ̀kọ ìwádìí, kí ẹ gbé e sórí ChemRxiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń gbé iṣẹ́ wọn sí kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì fi ìlínkì rẹ̀ sínú CV. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ ohun tuntun tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́.

Ẹ má yí 4.3 yín sí ìwọ̀n 4 fúnra yín. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú transcript, ìwé èsì tí yunifásítì yín fún yín. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá ẹ ti kọ̀wé síbẹ̀ rí, ẹ sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń kásẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún yín (fee waiver) kí ẹ tó sanwó, torí pé owó tí ẹ bá ti san kì í sábà padà.