Ilé Pákó Tó Pẹ́ Ju Ẹni Tó Kọ́ Ọ Lọ: Ìdáhùn Wa sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ rin ìrìnàjò lọ sí Kàlàbá lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì mú wa wọ ilé pákó ńlá kan tí àwọn òyìnbó kọ́ sórí òkè ní 1884, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Bàbá tó bí bàbá wa náà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ìlú wa. Amọ̀ ni ìsàlẹ̀, pákó ni òkè. Ikán ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a wó o kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwa kan sì fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ni wọ́n ṣe sí ti Kàlàbá tí ikán kò fi rí i jẹ tán, ṣé àwa náà sì lè ṣe é? *Òǹkàwé yín, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.*

Ìdáhùn: Old Residency ni wọ́n ń pe ilé tí ẹ rí yẹn. Igi páìnì pupa láti ìhà àríwá Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní ẹyọ-ẹyọ, kí wọ́n tó wá tò ó pọ̀ ní Kàlàbá. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń pàṣẹ fún àgbègbè etí òkun náà, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1986.

Ẹ má rò pé igi wọn le ju tiwa lọ. Bí òpó ilé yín bá jẹ́ ìrókò, ó le ju páìnì lọ fíìfíì. Ohun tó ń pa ilé pákó ni omi tó ń jò sí i àti ojú tí kò wò ó. Ikán tó ń jẹ ilé, inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń pa á, ìdí nìyẹn tó fi ń fi amọ̀ la ọ̀nà tóóró gba ara ògiri gòkè. Àwọn òyìnbó ìgbà náà sábà máa ń gbé ilé wọn lé orí òpó, èyí sì ń jẹ́ kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilé lè rí ọ̀nà amọ̀ yìí kí ó tó dé ara pákó. Èmi alára kò wò. Ní ọjọ́ kan mo fi àtàǹpàkò tẹ férémù ilẹ̀kùn yàrá mi, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, ìka mi sì wọlé ṣinrá. Ọ̀dà nìkan ló kù, ikán ti jẹ igi inú rẹ̀ tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe káfíńtà, ẹ pààrọ̀ páànù tó ń jò, ẹ wa erùpẹ̀ tó ti ga mọ́ ìdí ògiri kúrò, ẹ kó igi ìdáná tí wọ́n tò tì í sọnù, kí ẹnì kan sì máa fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ìdí òpó wò lóṣooṣù.

Ní ti ohun tí ẹ ó kó sínú rẹ̀, ìlú yín gan-an ni àpẹẹrẹ wà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ Ògògà sí apá kan lórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ Kápẹ́tẹ̀nì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sí apá kejì, tí wọ́n ru ú wá láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní 1924, British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, sì gbà á, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tọ́jú igi náà dáadáa ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ni ìtàn ìdílé tó yí i ká wà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì bó ṣe tẹnu wọn jáde, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ara ohun kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ni ín, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe, àti ẹni tó sọ fún yín. Ìkòkò tí kò ní àkọlé kò yàtọ̀ sí ìkòkò tó wà lọ́jà.

Ẹ lè kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí òfin 77 ti ọdún 1979 gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé ìwé ìjọba. Wọ́n kéde Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Èkó, ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Àdéhùn tí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí, tí lọ́yà kọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ ní lọ́wọ́. Ní tèmi, n kò bá àwọn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù jà: bí ẹ bá yá yàrá iwájú méjì ní ìsàlẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ ni yóò máa ra ọ̀dà àti páànù fún òkè.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú ń lé ikán? *Láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì.*

Ìdáhùn: Ó ń lé e fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí iná tètè ràn, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ òfì tí ẹ bá fẹ́ fi hàn. Oògùn tí wọ́n ń tà fún igi ni kí ẹ lò; ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún dáadáa sí orí pákó níbi tí ayùn ti gé e, nítorí ibẹ̀ ló ń mu omi jù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó kó ohunkóhun padà wọlé.