Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọ̀dùnkún Òyìnbó Nílé Ìdáná

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo kó ọ̀dùnkún òyìnbó sínú abọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná. Nígbà tó yá, mo rí i pé èèpo àwọn kan ti di àwọ̀ ewé, wọ́n sì ti ń hu èéhù. Ṣé kí n bẹ ẹ́, kí n sì sè é, àbí kí n dà á nù? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá. Ìmọ́lẹ̀ ló fa ohun tí ẹ rí. Ọ̀dùnkún òyìnbó kì í ṣe gbòǹgbò bíi ti ọ̀dùnkún dídùn. Ẹ̀ka tó wú sábẹ́ ilẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi ní ojú tí èéhù ń gbà jáde, tí ara rẹ̀ sì ń di àwọ̀ ewé bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan náà máa ń mú kí oró tí wọ́n ń pè ní solanine pọ̀ sí i lábẹ́ èèpo àti nínú èéhù. Oró yìí lè fa inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti orí fífọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo alásè fi sọ́kàn ni pé sísè kì í pa á, dídín kì í sì í mú un kúrò tán.

Bí ibi tó di àwọ̀ ewé bá kéré, ẹ gé e kúrò pẹ̀lú ara tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ojú tí èéhù ti yọ dáadáa. Èyí tí àwọ̀ náà bá ti gba gbogbo ara rẹ̀, tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù láìwo owó tí ẹ fi rà á, pàápàá bí ọmọdé bá wà lára àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ fi í síbi tó ṣókùnkùn, tó tutù níwọ̀nba, tí afẹ́fẹ́ sì ń ráyè wọ̀. Kì í ṣe inú fìríìjì o, nítorí òtútù ibẹ̀ máa ń sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà, tí yóò fi tètè dúdú bí ẹ bá ń dín in.

Ìbéèrè: Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ bẹ̀rù láti jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ló ti wá? — Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Orí òkè Andes, ní agbègbè adágún Titicaca tó wà láàárín Peru àti Bolivia, ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jọ mí lójú púpọ̀: wọ́n á tẹ́ ẹ síta kí òtútù òru mú un dì, oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde títí yóò fi gbẹ di chuño, tó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń dín oró inú àwọn tó korò kù.

Ní ọ̀rúndún 16 ni àwọn ará Sípéènì gbé e dé Yúróòpù, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fura sí i nítorí pé ó bá àwọn ewéko olóró kan tan. Antoine-Augustin Parmentier, apòògùn ọmọ ogun Faransé tó jẹ ẹ́ nígbà tó wà ní ìgbèkùn ní Prussia, ìjọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó jà fún un, títí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Paris fi kéde ní 1772 pé kò léwu. Ní Ireland, àwọn tálákà gbára lé e ju bó ti yẹ lọ, oríṣi kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbìn. Nígbà tí àrùn kan kọ lu oko wọn ní 1845, ìyàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn, àwọn mìíràn tí kò kéré sí iye yẹn sì sá kúrò nílùú.

Ìbéèrè: Ṣé oúnjẹ gidi ni, àbí sítáàṣì lásán? Kí ló dé tí tèmi máa ń fà bí àtè nígbà tí mo bá lọ̀ ọ́? — Bàbá tó ń dáná

Ìdáhùn: Oúnjẹ gidi ni. Gíráàmù 100 èyí tí a sè ní nǹkan bíi kálórì 87, pẹ̀lú fítámì C àti èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òróró ni ó ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, nítorí èyí tí a dín lè ní ju ìlọ́po mẹ́ta kálórì yẹn lọ. Bí ẹ bá sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀, fítámì C tí yóò bá omi lọ kò ní pọ̀. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ nítorí potassium náà.

Ní ti fífà, ẹ̀rọ ìlọta ló ń fa á: abẹ rẹ̀ ń já sítáàṣì sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ṣì gbóná. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í sínú ọbẹ̀ tòmátì, ẹ jẹ́ kó rọ̀ nínú omi ná, nítorí ohun kíkan kì í jẹ́ kó tètè jinná.