Báwo ni mo ṣe lè mọ ọrun gígùn tó bá agbára mi mu, báwo ni mo sì ṣe máa dì í mú?

Ẹ mú èyí tó fúyẹ́. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọfà títa, ọrun tí agbára tí wọ́n fi ń fà á jẹ́ pọ́n-ùn 25 sí 30 ti tó o. Tí ẹ bá rí “40 @ 28” lára ọrun, pọ́n-ùn 40 ni nígbà tí wọ́n bá fà á dé ínṣì 28. Ẹni tí apá rẹ̀ ò gùn, tó ń fà á dé 26 péré, kò fa 40 yẹn pé.

Ẹ fà á dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ẹ dúró, kí ẹ ka ení dé àrún. Tí apá bá ń gbọ̀n, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ní láti kọ́kọ́ nà án sókè kí ẹ tó rí i fà, ó ti le jù. Ẹ rọra dá ọsán (okùn ọrun) padà; tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà, ọrun lè ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìdìmú ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ẹ jẹ́ kí ọrun jókòó sí ìdí àtàǹpàkò, kí ìka yòókù kàn yí i ká wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá fún un pọ̀, ọrun á yí lọ́wọ́ yín, ọfà á sì ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọsán á na apá yín (ó dùn wọra!). Ọ̀pọ̀ ọrun gígùn ò ní ibi tí ọfà ń jókòó sí, orí ọwọ́ ló máa ń gbà kọjá, nítorí náà ẹ so òwú mọ́ ibi tí ọwọ́ yín ń wà, kó lè máa jẹ́ ojú kan náà.